Ẹsẹ̀ Bàbá Tó Wú

Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ wo Bàbá, aláìsàn mi kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyàn ni mo bá a jà. Ẹ̀rọ ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí 178/104, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù méjì tó ti pa oògùn tì. Mo ka rọpárọsẹ̀ sí i létí, mo ka kíndìnrín. Òun náà ń ka tirẹ̀: bàbá tó bí i ò lo oògùn rí, ó sì pẹ́ láyé. Bí mo ṣe ń kúrò nílé rẹ̀ ní Ìsánlú, mo ń kùn pé alágídí ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti kọ́ mi pé kí n má bá aláìsàn jiyàn! William Miller, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1983, látinú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ọtí mú lẹ́rú, kí òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Stephen Rollnick tó jọ fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì, apá tí o bá gbè, apá kejì ni yóò gbà. Á wá máa fi ẹnu ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí mo padà lọ, ó ń ṣa èbù iṣu. “Ọ̀kun o, Bàbá.” Mo jókòó, mo bá a ṣà á. Ó pẹ́ kí n tó bi í pé, “Kí ni oògùn yẹn fojú yín rí gan-an?”

Ó ká ṣòkòtò sókè. “Ẹsẹ̀ mi wú. Wọ́n ní mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.” Ó fi oògùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ sì fọn.

Ojú tì mí. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un, máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, kò sì sí ẹni tó sọ fún un nínú gbogbo wa.

Mo pa àlàyé mọ́ra ná. “Ẹ ò fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń fẹnu bà láàárín ìlú.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ ṣe pàtàkì sí i? Ó ní mẹ́rin.

“Kí ló dé tí kì í ṣe méjì?”

(Ká ní mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́jọ, iyàn ọjọ́sí la ó tún bẹ̀rẹ̀.)

Ó dákẹ́. “Àbúrò mi rọ lápá kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi síbí bọ́ ọ. Èmi ò lè gba ìyẹn.”

Ìgbà yẹn ni mo tọrọ àyè, mo sì sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe fún un. Dókítà pa á dà sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 146/88.

Ti iyọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń sebẹ̀ ni kó o lọ bá.”