Bí mo ṣe ń kọ found family nínú fan fiction kó lè wọ èèyàn lára

Ẹ̀yin tèmi, Okun o, bí àwa Yorùbá Okun ní Kogi ṣe ń kíni nìyẹn. Àwọn kan ti ń bi mí tipẹ́ pé báwo ni mo ṣe ń kọ àwọn sítórì found family tó ń pa wọ́n lẹ́kún, mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí torí iná wà ní Kabba láti àárọ̀, bátìrì fóònù mi sì ti kún.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, fan fiction ni sítórì tí olólùfẹ́ fíìmù tàbí ìwé kan fúnra ẹ̀ kọ nípa àwọn èèyàn inú ẹ̀, found family sì ni àwọn èèyàn tí wọn ò bá ara wọn tan rárá tí wọ́n wá di ará ilé ara wọn. Àwa náà kúkú ní ọ̀rọ̀ fún un, ẹni orí rán síni. Àjọbí wà, àjọgbé wà, àjọgbé ni àwa tá a ń ka fan fiction ń wá kiri. Kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1967 àwọn olólùfẹ́ Star Trek, fíìmù tẹlifíṣọ̀n nípa ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, ní Amẹ́ríkà ti ń fọwọ́ ara wọn tẹ ìwé kékeré kan tí wọ́n pè ní Spockanalia, torí Spock, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú fíìmù náà. Èèyàn bíi tiwa ni ìyá Spock, ará Vulcan, ayé mìíràn, ni bàbá ẹ̀, kò síbi tó gbà á tán níbẹ̀ méjèèjì, àfi inú ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ọmọ Okun, ìyẹn yé mi dénú eegun. Kwara làwọn òbí wa wà kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, tí mo bá dé Èkó tí mo ní Kogi ni mo ti ń bọ̀ wọ́n á ní háà, o mà gbọ́ Yorùbá o, tí mo bá tún kọjá sókè Ọya wọ́n á ní Yorùbá ni mí. Ẹni tí ò rí ibi tó gbà á tán ló ń ka irú sítórì yìí títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ó yá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn inú fíìmù tàbí anime (fíìmù àwòrán àwọn ará Japan) tó o fẹ́ kọ nípa wọn, kó o wo nǹkan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ní. Má kọ pé "kò ní ìfẹ́", ìyẹn tóbi jù, kò ṣeé dì mú. Kọ pé kò sẹ́ni tó ń jí i láàárọ̀. Kọ pé ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi í pé ṣé ó ti jẹun. Tó o bá ti mọ ìyẹn, wá ẹlòmíì nínú sítórì yẹn tó jẹ́ pé nǹkan yẹn gan-an ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò rẹ́ni fún.

Lẹ́yìn ìyẹn kó wọn pọ̀, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n yan ara wọn o. Èmi ò lọ jìnnà láti kọ́ èyí. Asaya níbí ni kám̀pù àwọn àgùnbánirọ̀ Kogi wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á pín wọn káàkiri, ẹni tó wá láti Sókótó àti ẹni tó wá láti Calabar á kàn bá ara wọn nínú lọ́ọ̀jì kan, ẹnì kan ló ní sítóòfù, ẹlòmíì ló ní okùn gúgà. Ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn jọ, kànga ni. Mo ti kó àwọn akọni inú fíìmù, àwọn tó ń fò lófuurufú yẹn, wá sínú lọ́ọ̀jì bẹ́ẹ̀ rí, AU ni wọ́n ń pè é, ayé mìíràn fún èèyàn kan náà, ó sì bọ́ sí i gan-an.

Ibi tó dùn jù wá nìyí, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ń fi Òyìnbó kọ ọ́, "you" nìkan ló ní. Àwa ní "ẹ", a ní "o", a tún ní gbogbo orúkọ tá a fi ń pe àgbà. Jẹ́ kí orúkọ yẹn máa yí díẹ̀díẹ̀. Nínú èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn, kọ́pà kan ń pe obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ̀jì ní "ìyá oníyán" ní chapter kìíní, nígbà tó di ìkẹrin ó ti di "Màmá", ní ìkẹsàn-án ibà ń ṣe é, màmá yẹn gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, kọ́pà náà sì dáhùn látorí ibùsùn pé "Màámi, mo ti jí". Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí i. Màmá yẹn ò ṣe bí ẹni tó gbọ́, ó kàn ń rọra fẹ́ ẹ̀kọ náà. Àwọn tó kà á ni wọ́n ń kọ̀wé sí mi láàárín òru. Ìkíni náà ńkọ́? Lọ́jọ́ tó dé, wọ́n kí i pé "Okun o", kò mọ ohun tó máa fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín lásán. Nígbà tí kọ́pà tuntun dé, òun ló kọ́kọ́ ní "Okun o".

Àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀rẹ̀ ni pé ní chapter kejì wọ́n ti dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún, "ẹ̀yin ni ẹbí mi". Ẹnì kan tó kà á bi mí pé kí ni wọ́n ti ṣe fún ara wọn? Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo wá kọ ọmọ odó méjì nínú odó kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn méjì inú sítórì náà jọ gún iyán, ọmọ odó ń gbá ara wọn, ẹnì kan ń sáré jù, èkejì ń bẹ̀rù, iyán kókó ni wọ́n jẹ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n ń gún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ojú wọn ò sí nínú odó rárá, wọn ò sì gbá ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò kọ "ẹbí" síbẹ̀.

Kí wọ́n jà o. Kí ẹnì kan lọ sílé fún Kérésì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó padà dé bá ojú dídì, kó wá yà á lẹ́nu pé ó yẹ kóun dágbére. Má sì sọ ìyá tó bí i di àjẹ́, jọ̀ọ́, ó lè fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ gan-an kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ lórí fóònù.

Tó o bá ti parí, AO3 (Archive of Our Own), ìkànnì tí wọ́n ń kó fan fiction sí, ni kó o gbé e sí, ó ti wà láti 2009, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó níbẹ̀, wọn ò sì gbà kó o tajà níbẹ̀. Wàá forúkọ sílẹ̀, wàá dúró kí wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹ. Fi tag "Found Family" sí i, torí ohun táwọn èèyàn ń tẹ̀ láti wá a nìyẹn. Èèyàn lè dáńlóòdù ẹ̀ ní EPUB, fáìlì téèyàn lè kà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀yin ará Mopa àti Ìsánlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tó bá wá.

Ó ku ìparí. Ẹnì kan á lọ, torí kọ́pà kì í pẹ́ ju ọdún kan. Má kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére gígùn. Jẹ́ kí Màámi gún iyán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó bu ún bó ṣe máa ń bù ú, kó ṣẹ́ku abọ́ kan lọ́wọ́ ẹ̀, kó wò ó díẹ̀, kó wá fi ọmọrí dé e. Ibẹ̀ ni kó o ti gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù.