Bí mo ṣe kọ́kọ́ dá nìkan ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Fíríìjì ni mo kọ́kọ́ gbé báàgì ẹ̀jẹ̀ náà sí. Mo ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí. Ọ̀gá mi wọlé, ó fọwọ́ kan báàgì, ó ní, "Ta ló gbé èyí síbí?" Mo ní, "Èmi ni, mà." Ó ní kò burú, àmọ́ platelet inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti bàjẹ́ nìyẹn, òtútù ló bà á jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa àti plasma, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, nìkan la máa rí níbẹ̀.

Báàgì kejì kò dé fíríìjì rárá. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ bírí, mo fi òmíràn tó wúwo bákan náà sí òdìkejì, torí bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ á máa mì tìtì. Yíyí àkọ́kọ́ kì í le. Nígbà tó dúró, pupa ti rọ̀ sísàlẹ̀, plasma aláwọ̀ ìyeyè wà lókè, platelet ṣì ń léfòó nínú rẹ̀. Ibí lọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọ̀. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á dàpọ̀. Mo di èémí mú, mo tẹ báàgì, plasma àti platelet inú rẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sí báàgì òfìfo. Bí pupa ṣe ń sún mọ́ ẹnu rọ́bà, mo fi irin pa á pọ̀. Mo tún yí èyí tó kọjá, kíkankíkan lọ́tẹ̀ yìí, platelet bá lẹ̀ mọ́ ìdí báàgì, mo sì tẹ plasma tó wà lókè rẹ̀ lọ sí báàgì mìíràn.

Pupa lọ sí fíríìjì, láàárín 2 sí 6°C, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Plasma lọ sí fírísà, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́, bíi ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá béèrè plasma kìkì kí omi ara aláìsàn lè pọ̀ sí i. Dírípù omi iyọ̀ á ṣe ìyẹn.

Platelet ò fẹ́ òtútù: 20 sí 24°C, lórí ẹ̀rọ tó ń mì ín jẹ́jẹ́, ọjọ́ márùn-ún péré. Kó tó dé orí ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́ọ̀dù pè. Aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, platelet rẹ̀ ti bọ́ sí 8,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan. Báàgì platelet mẹ́rin sí mẹ́fà la máa ń dà pọ̀ fún àgbàlagbà, tèmi wà nínú wọn. Mo gbé e sókè sí iná, mo yí i díẹ̀, ó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì bí èéfín. Àmì pé ó dáa nìyẹn. Ọ̀gá mi wò ó, ó na báírò sí mi pé kí n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.