Ẹ pààrọ̀ bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù kí ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣojú mi. Àbúrò kan gbé BMW M3 ẹ̀ wá bá wa ní Àkúrẹ́, E92 (nọ́ńbà tí BMW fi ń pe irú M3 yẹn), tòkunbọ̀, ó ní ká kàn bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì ni, kò sí ariwo kankan, iná kankan ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò ń sáré bí ẹtu. Mo yọ fílítà ọ́ìlì, mo fi bíléèdì gé bébà inú ẹ̀, mo nà á sílẹ̀ nínú oòrùn, bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i tó ń dán wínníwínní láàrin dúdú ọ́ìlì yẹn, àwọn kan rí bíi bàbà, àwọn kan rí bíi fàdákà. Mo ní àbúrò, bẹ́árìn ẹ ló ń jẹ yìí o, má gbé e lọ síbì kankan. Ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ síbi ìnáwó kan ní Oǹdó ná, tóun bá dé ká wá ṣe é. Kò dé Òwénà. Wọ́n fi ọkọ̀ mí-ìn fà á padà wá, kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) ti já, ó ti lu ihò sára búlọ́ọ̀kù, ẹ́ńjìnì ti di páńtí.

Ìdí tí mo ṣe ń kọ èyí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnì bá pariwo, bẹ́ẹ̀ ìgbà tẹ́ẹ bá máa gbọ́ ariwo, kíráńkì ti ń fara gbọgbẹ́ nìyẹn. Àkókò tó yẹ kẹ́ẹ pààrọ̀ bẹ́árìn ni ìgbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń dún dáadáa.

Bẹ́árìn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú bíi ti ẹsẹ̀ táyà o. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, awẹ́ kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbá ọrùn kíráńkì mú nínú ẹnu kọ́nrọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ irin líle, lójú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi bàbà sí i, lórí bàbà yẹn wọ́n tún wá fi nǹkan rírọ̀ aláwọ̀ eérú bò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí. Tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, bẹ́árìn àti kíráńkì kì í fara kanra, ọ́ìlì ló wà láàrin wọn tó gbé kíráńkì léfòó, àlàfo yẹn ò ju bí irun orí kan ṣe nípọn lọ. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, irin á gun irin.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ mọ́tò eré ló ń ṣe jù? Ẹ wo iye ìgbà tó ń yí. V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) 4.0 lítà tó wà nínú M3 E90 àti E92 máa ń yí dé 8,400 láàrin ìṣẹ́jú kan, V10 5.0 inú M5 E60 ń lọ dé 8,250, E46 M3 onísìlíńdà mẹ́fà ń lọ dé 8,000. Tẹ́ẹ bá sọ yíyí ẹ́ńjìnì di ìlọ́po méjì, agbára tí písítìn fi ń fa kọ́nrọ́ọ̀dù kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni, bẹ́árìn kékeré yẹn ló sì ń gba gbogbo ẹ̀ sára. Àwọn tó ń tú V8 àti V10 yẹn tún máa ń rí i pé àlàfo bẹ́árìn ẹ̀ fún ju ti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì lọ, ọ́ìlì 10W-60 tí BMW ní ká lò sì ki gan-an nígbà tó bá tutù, ẹ ronú ẹ̀ wò, nǹkan tó ki ní ojú ihò tó fún. Kì í ṣe àròsọ o, BMW fúnra wọn pe àwọn E46 M3 tó kọ́kọ́ jáde padà láti pààrọ̀ bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù wọn. Ẹ̀yin tẹ́ẹ sì ń wa Sonata tẹ́ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, lọ́dún 2015 Hyundai pe Sonata 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà, torí pé èérún irin ṣẹ́kù sínú ihò ọ́ìlì kíráńkì láti ilé iṣẹ́, ó ń dínà ọ́ìlì mọ́ bẹ́árìn. Irú Sonata yẹn pọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kó tó bàjẹ́? Fílítà ni mo fọkàn tán jù. Gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ní kí mẹ́káníìkì yín la fílítà níṣojú yín, tó bá jẹ́ oníbébà kẹ́ẹ gé e, tó bá jẹ́ alágolo kékeré kẹ́ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń gé fílítà la agolo ẹ̀ yíká, ẹ má fi ayùn, torí èérún irin ẹ̀ á dà sínú bébà. Ẹ fún ọ́ìlì inú bébà yẹn dànù, kẹ́ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn, kẹ́ẹ máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún. Ọ̀kan méjì tó ń dán kì í ṣe ìjà, àmọ́ tó bá ti dà bíi ìgbà tí èèyàn da pàǹtí bàbà sórí ẹ̀, ẹ má tún ẹ́ńjìnì yẹn tan mọ́. Àwọn kan máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹ̀ ẹ́ wò, mágínẹ́ẹ̀tì ò lè rí bẹ́árìn o, torí bàbà, òjé, táńganran àti alumíníọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn irin ni, ibòmíì ló ti ń bọ̀. Ẹ tún lè bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí lábù tó ń yẹ ọ́ìlì wò. Nínú V8 BMW tó kọ́kọ́ jáde, òjé àti bàbà lẹ máa wò bóyá ó ń pọ̀ sí i, àwọn tó jáde lẹ́yìn ní bẹ́árìn tí kò ní òjé, táńganran àti alumíníọ̀mù ni tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó o, ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra kẹ́ẹ lè rí ibi tó ń lọ.

Iná ọ́ìlì tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó sì wà lójú kan, àmì ni. Ìró kọ́nrọ́ọ̀dù, ìyẹn nọ́ọ̀kì, wúwo, kì í ṣe tín-ín-tín-ín bíi ti fáàfù, ó máa ń ṣe kọ̀ kọ̀ kọ̀ tẹ́ẹ bá tẹ tọ́tù díẹ̀ tẹ́ẹ wá fi í sílẹ̀, yóò sì máa yára sí i bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára. Ibi tó bá dé yìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìdènà.

Àwọn tó ní M3 irú yẹn nílùú òyìnbó, ọ̀pọ̀ wọn máa ń pààrọ̀ ẹ̀ láàrin 60,000 sí 80,000 máìlì láìdúró de àmì. Èmi ò ní jẹ́ kí tòkunbọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ ò mọ bí ẹni tó lò ó ṣe wà á, ẹ ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti yí máìlì ẹ̀ padà. Tó bá ti wọ̀lú, ẹ ṣe é.

Nǹkan méjì kan wà tó ń pa bẹ́árìn ní tiwa níbí tí àwọn òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Búm̀pù àti kòtò. Tí sọ́m̀pù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, bá gbá ilẹ̀ lójú ọ̀nà Òwọ̀ tàbí ní àdúgbò tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì mọ búm̀pù bí òkè Ìdànrè, ó lè tẹ̀ wọnú, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì, kò sì ní jo, ẹ ò ní rí i nílẹ̀, ẹ́ńjìnì á kàn máa mu ọ́ìlì ní ìdajì. Tẹ́ẹ bá gbọ́ gbàgà lábẹ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èkejì ni ọ́ìlì ayédèrú, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ẹ mọ̀, tẹ́ẹ bá sì lò ó tán, ẹ lu agolo ẹ̀ ní ihò kẹ́ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i rọ nǹkan sí. Ti ìdáná òwúrọ̀ náà wà níbẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ má tan mọ́tò kẹ́ẹ sì máa fún un níná láti ẹnu géètì. Omi máa ń gbóná ṣáájú ọ́ìlì, nínú M3 yẹn àwọn iná kan wà lórí gáàjì yíyí tó máa ń kú díẹ̀díẹ̀ bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná, ẹ máa wò ó.

Ó yá, ká ṣe iṣẹ́. Ẹ wá ọjọ́ méjì sílẹ̀, kì í ṣe Fúráídè tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó lọ́la. Ẹ́ńjìnì ò ní sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ máa gbà wọlé. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ gbé mọ́tò sókè dáadáa sórí sítáǹdì irin, ẹ má gbára lé jáàkì nìkan, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ilé ṣe é rárá, búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ so ẹ́ńjìnì kọ́ látòkè, ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ tú sítíárìn kúrò lára irin tó gbé iwájú, kẹ́ẹ wá sọ irin yẹn kalẹ̀ kẹ́ẹ tó lè yọ sọ́m̀pù. Kẹ́ẹ tó fọ sọ́m̀pù, ẹ fi ìka yín ra ìsàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ẹ wo ẹnu páìpù ọ́ìlì.

Ẹ fi sípánà yí kíráńkì láti iwájú, ibi tó ń yí sí tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ẹ yí i sí, títí ọrùn tẹ́ẹ fẹ́ ṣe á fi wá sísàlẹ̀. Nínú V8, ọrùn kan ló gbé kọ́nrọ́ọ̀dù méjì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí jù: ìdérí kọ́nrọ́ọ̀dù yẹn, wọn ò gé e, ńṣe ni wọ́n fọ́ ọ kúrò lára kọ́nrọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ojú ibi tó ti fọ́ rí gbágungbàgun bí òkúta, ìdérí kan ò sì lè bá kọ́nrọ́ọ̀dù mí-ìn mu láéláé. Ẹ máàkì wọn ní nọ́ńbà kẹ́ẹ tó tú wọn, ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fojú ẹ̀ lélẹ̀. Ẹ rọra ti kọ́nrọ́ọ̀dù sókè díẹ̀, kẹ́ẹ fi ìka yọ awẹ́ òkè jáde, ẹ má jẹ́ kí irin kankan họ kíráńkì.

Ẹ to awẹ́ tẹ́ẹ yọ sórí páálí, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ẹ kà wọ́n bíi lẹ́tà. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ eérú tí kò dán, ara ẹ̀ le. Tó bá ń dán bí dígí lójú kan, ó ti ń fara kan kíráńkì. Tí bàbà bá ti yọjú, tó pupa, ó ti tán. Ilà gígùn gígùn, ìdọ̀tí ló kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná yín wọ́ ọrùn kíráńkì, tó bá mú èékánná, bẹ́árìn tuntun ò lè gbà á, ó di kẹ́ẹ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kí wọ́n lọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi bi yín níbi tẹ́ẹ ti fẹ́ rà á pé ṣé standard (ìwọ̀n ilé iṣẹ́) ni àbí 10 àbí 20 (iye tí wọ́n ti lọ̀ kúrò lára kíráńkì), kíráńkì tí ẹnikẹ́ni ò tíì lọ̀ rí, standard ni tiẹ̀.

Ẹ̀yìn awẹ́ tuntun àti ẹnu kọ́nrọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbẹ kó mọ́ tónítóní, ẹ má fi ọ́ìlì síbẹ̀, ojú inú nìkan lẹ máa fi ọ́ìlì ìtò-ẹ́ńjìnì sí. Kẹ́ẹ tó fi í, ẹ fi Plastigage wọn àlàfo ẹ̀, okùn kékeré ni, ẹ ó tẹ́ ẹ sórí ọrùn tó gbẹ, ẹ ó dì í, ẹ ó tú u, ẹ ó fi wé ìwé tó bá a wá, ẹ má yí kíráńkì nígbà tó bá wà níbẹ̀. Bóòtì àtijọ́ ẹ lè fi ṣe ìdánwò yìí, àmọ́ ìgbà ìkẹyìn, bóòtì tuntun ni, torí ńṣe ló máa ń nà tí wọ́n bá dì í. Torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ẹ fi ń dì í, ni kẹ́ẹ fi dì í, iye tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnì yẹn tàbí ti ẹni tó ṣe bóòtì, kì í ṣe agbára apá. Tẹ́ẹ bá ti di ọ̀kan tán, ẹ yí kíráńkì lọ́wọ́, tó bá le, ẹ tú u, ẹ má tẹ̀síwájú.

Tí sọ́m̀pù bá ti padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, tí ọ́ìlì àti fílítà tuntun ti wọlé, ẹ yọ fíúsì páǹpù epo àti kọ́ìlì, kẹ́ẹ fi kíì yí ẹ́ńjìnì ní ìdákúrekú títí ọ́ìlì á fi dé gbogbo ibi tó yẹ, kẹ́ẹ tó wá tan án. Kó dúró lójú kan, ẹ má fún un níná. Ẹ rìn ín jẹ́jẹ́ fún bíi 1,000 kìlómítà, kẹ́ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kẹ́ẹ tún la fílítà yẹn.

Àbúrò ọjọ́ yẹn ra ẹ́ńjìnì mí-ìn lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Kò tíì wà á rárá tó fi ní ká sọ sọ́m̀pù kalẹ̀. Awẹ́ mẹ́rìndínlógún la yọ, mẹ́ta nínú ẹ̀ ti pupa. Ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo mílíìkì, inú búùtù ẹ̀ ló wà títí di òní.