Bí mo ṣe kọ́ ọmọ kan láti ṣe Ẹlẹ́ṣin Ọba

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa l'Òṣogbo níbí fẹ́ ṣe ìran méjì nínú eré Ẹlẹ́ṣin Ọba, ìtàn ẹlẹ́ṣin tó yẹ kó kú tẹ̀lé ọba ẹ̀, wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn. Ọmọ tí wọ́n mú ṣe Ẹlẹ́ṣin yìí, ohùn ń bẹ lẹ́nu ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ igbe ló fi ń sọ gbogbo ẹ̀, àfi bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀ ní Ọláìyá.

Mo bá kó wọn jọ ká wo fíìmù tí Bíyì Bándélé darí, èyí tó jáde lórí Netflix ní 2022, látinú eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Mo ti dáńlóòdù ẹ̀ kí wọ́n tó mú iná lọ, wọ́n sì kúkú mú un lọ. Bí Ọdúnladé Adékọ́lá, òṣèré tó ṣe Ẹlẹ́ṣin nínú fíìmù náà, ṣe yọjú báyìí wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣé ẹ mọ̀ pé sítíkà WhatsApp ni wọ́n fi mọ ojú ẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi máa ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọge tóun rí l'ọ́jà, lálẹ́ tó yẹ kó bá ọba ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá kan tó jókòó tì wá ní Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe ìtàn yìí l'Òṣogbo kí wọ́n tó bí wa, Ọba Wàjà ló pè é. Òótọ́ ni, 1964 ni, ti Ṣóyínká di 1975.

Ibi tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀, mo fò ó. Mo wá pa ohùn fíìmù náà pátápátá, mo ní kí wọ́n máa wo èjìká Ọdúnladé nìkan, látìgbà tó ń jó l'ọ́jà títí dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn ní, "Bọ̀dá, ọkùnrin yìí ti kéré." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn o!

Mo lọ yá ṣéènì tí aládùúgbò wa fi ń de jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, mo fi sí i lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ó tún lọgun. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwúwo irin yẹn fà á wálẹ̀, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ bákan náà, ọmọbìnrin tó ń ṣe Ìyálọ́jà sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Lọ́jọ́ tá a ṣe é, kò lọgun rárá. A ò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí oníṣéènì fi dé, ó ní iná ti lọ.