Bí mo ṣe lọ sí Ayétòrò láti Àkúrẹ́, tí mo sì padà lọ́jọ́ kan náà

Àwa tí a ń gbé Àkúrẹ́, bí a bá ní ká ṣe ìgbafẹ́, Òkè Ìdànrè ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ó sún mọ́lé, ó sì rẹwà, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n òkun ló wù mí rí, òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó tiwa yìí gan-an, kì í ṣe ti Èkó tí wọ́n ti to àga sí, tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Mo bá mú Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú rẹ̀, irà àti omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo lọ láàárọ̀, mo sì sùn sórí ibùsùn mi lálẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni mo fi ṣètò ọjọ́ náà. Ní etíkun wa, àárọ̀ ni omi máa ń rọ̀. Bí oòrùn bá ti ga, ilẹ̀ á gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á gbéra lọ sókè, ti orí òkun tó tutù á sì ya wọlé láti dí àyè rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, kì í ṣe atẹ́gùn tí èèyàn ń gbà sára mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Àkúrẹ́ kí ojúmọ́ tó là dáadáa, kó sì ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń padà ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo yàn. Lásìkò òjò, ìgbì a máa ya wọ inú ilé níbẹ̀, ta ló wá fẹ́ lọ ṣe fàájì nínú ìyẹn?

Ẹrù mi kò pọ̀. Mo di fóònù àti owó sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Mo wọ bàtà rọ́bà tó ṣe é fọ̀, mo so gèlè mọ́rí dáadáa torí fìlà kò lè dúró níbẹ̀, mo sì mú omi mímu dání. Owó pépà ni mo gbé, kéékèèké, torí n kò fẹ́ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ mí di alágbe létí omi. Mo sọ ibi tí mo ń lọ fún àbúrò mi, mo sì sọ fún un pé tí kò bá gbúròó mi títí agogo mẹ́jọ alẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Láti Àkúrẹ́, Òǹdó Ẹkímọ̀gún la gbà, a já sí Ọ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí a tó dé Ìgbòkòdá. Ó gbà wá tó wákàtí mẹ́ta. Ní Ọ̀rẹ̀, bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ìka sí ọ̀nà Ìlà-Oòrùn, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, ‘Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!’ Bàbá náà sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni, awakọ̀ sì dín orin kù kó lè gbọ́. Ìyókù ọ̀nà yẹn, oko ọ̀pẹ àti kòtò ni.

Ìgbòkòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ibẹ̀ sì ni títì parí fún ẹni tó ń lọ Ayétòrò. Òórùn ẹja yíyan ló ń júwe èbúté fún àlejò. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbérò kì í tẹ̀lé aago. Bí ọkọ̀ bá kún, ó ṣí. Owó ọkọ̀ sì ń tẹ̀lé owó epo, nítorí náà béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kí o tó béèrè lọ́wọ́ atukọ̀. Mo dúró gbọnin lórí ọ̀rọ̀ kan ṣáá.

‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. N kò lè wọlé láìwọ̀ ọ́.’

Ó rẹ́rìn-ín. ‘Àǹtí, ẹ̀yin ará òkè ẹ ò ṣe máa bẹ̀rù omi báyìí?’ Ṣùgbọ́n ó wá a fún mi, kódà ó bá mi fa okùn rẹ̀ le.

Iwájú ọkọ̀ ló wu ojú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Mi ò jókòó síbẹ̀. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti gbá ọkọ̀ sáré, iwájú ló ń gbéra, òun náà ló ń já lulẹ̀ lórí ìgbì, ìdí ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló ń san án. Mo mú àárín, díẹ̀ sẹ́yìn. Omi Ìgbòkòdá dúdú, ó dákẹ́, koríko ojú omi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi, àwọ̀n tí wọ́n sá sí iwájú ilé, àti ọmọdé tó ń dá wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Èmi tí mo ti dàgbà kò lè wa ọkọ̀ yẹn dé ibi mítà mẹ́wàá. Bí ojú omi ṣe ń fẹ̀ sí i, igi gíga ń tán, àwọn igi kúkúrú tí gbòǹgbò wọn dúró lórí ẹrọ̀fọ̀ gba ipò wọn. Afẹ́fẹ́ ti ń tọ́ iyọ̀ lẹ́nu kí n tó rí òkun rárá.

Ẹ̀yìn ìlú ni ọkọ̀ ti sọ̀ wá, ní apá ibi tí omi ti rọ̀. Ayétòrò kì í ṣe ibi tí àlejò á kàn gbé fóònù sókè táá máa ya fọ́tò kiri. Ìlú ìjọ ni. Ọba wọn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògelóyìnbó, ni olórí ìjọ pẹ̀lú. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà kan, mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti wá àti ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ní kí ọmọkùnrin kan máa bá mi rìn. Ìkíni yẹn kò pẹ́ rárá, òun ló sì ṣí gbogbo ojúlé tí mo yà sí lẹ́yìn náà.

Ní 1947 ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti àwọn ará abúlé wọn mu mọ́ lórí àwọn àṣà kan, pípa ìbejì wà lára rẹ̀, inúnibíni sì lé wọn dé etí òkun. Okenla ni ọba wọn àkọ́kọ́. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń ná nígbà náà. Apẹja kò ta ẹja fún ara rẹ̀, aránṣọ kò gbowó iṣẹ́, ìlú ló ń bọ́ wọn, tó sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni nínú wa ló lè ṣe é fún oṣù kan? Wọ́n ṣe é fún nǹkan bí ogún ọdún, ó sì mú èso wá. Wọ́n ní iléeṣẹ́ bàtà àti ti aṣọ híhun, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, iná mànàmáná sì ti ń tàn lójú pópó wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lẹ́yìn tí Okenla wàjà, ní nǹkan bí 1968, wọ́n gbà kí oníkálukú máa ṣòwò tirẹ̀.

Ojú pópó yẹn, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, nítorí irà ni abẹ́ rẹ̀. Mo rìn lórí ohun tó kù níbẹ̀. Pákó a máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi tí ó ti já, wọ́n á fi pákó ọkọ̀ àtijọ́ dí i. Rírìn láti èbúté dé etí òkun kò gbà mí lákòókò rárá, ìlú náà ti dín kù. Ohun tó sì dín in kù ni mo bá níwájú.

Ẹni tó bá ń retí yanrìn funfun, kó gbàgbé rẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ni etíkun Màhìn tí Ayétòrò wà lórí rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó rọ̀, omi tó sì ń wọ́ wá sórí rẹ̀ pọ́n. Láti ìwọ̀-oòrùn, apá Èkó, ìgbì ń ti yanrìn bọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gbun jíjìn wà lábẹ́ òkun lápá ibẹ̀ tí yanrìn ń já sí, díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Bí kò bá sí yanrìn tí yóò gba ìgbì mọ́ra, ẹrọ̀fọ̀ ni ìgbì ń bù jẹ. Ilẹ̀ náà sì rẹlẹ̀, àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ní agbègbè náà tún ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀. Mo rí òpó ilé tó dúró nínú omi láìsí ilé lórí rẹ̀, ìlà wọn tò lọ sínú òkun. Kùkùté àgbọn wà láàárín wọn. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe, níbi tí mo dúró, n kò rí odi kankan.

Ìyá kan ń sá edé sórí ẹní ní ẹ̀yìn ilé tó kángun sí omi jù. Mo kí i, ‘Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o.’ Ó dáhùn, ó ní kí n jókòó. Mo béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé láti ilẹ̀.

‘Ọmọ mi, níbo ni láti ilẹ̀?’ Ó na ọwọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. ‘Ilé tí wọ́n gbé mi wọ̀ ní ìyàwó wà níbẹ̀ yẹn. A ṣí sẹ́yìn. Omi tún dé, a tún ṣí.’

‘Ẹ kò rò ó kí ẹ lọ sí Ìgbòkòdá?’

‘Kí n lọ máa ra edé?’ Ó rẹ́rìn-ín gan-an, mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tọrọ àyè láti ya fọ́tò, ó ní kí n ya edé, kí n fi òun sílẹ̀, òun kò wọ aṣọ tó dáa. Edé nìkan ni mo yà. Mo ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, wọ́n á ti da iyọ̀ àti iyanrìn pọ̀ mọ́ tibẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo wo òkun títí. Ẹwà ibẹ̀ wà, n kò ní fi àánú bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀run ga, àwọn ẹyẹ ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ láìju apá, àwọn apẹja ń wọlé, wọ́n ń dúró de ìgbì tó yẹ kí wọ́n tó gbà á wá sí èbúté. Ní nǹkan bí agogo méjìlá, gèlè mi bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ní agogo kan, mo ní láti pariwo kí ọmọkùnrin tó bá mi rìn tó gbọ́ mi, ìgbì sì ti ń fọ́ funfun jìnnà réré. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo fún ọmọkùnrin náà ní nǹkan, mo wá ọkọ̀.

Ìpadàbọ̀ tutù ju àlọ lọ. Ibi tí ojú omi ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbọ́n omi lù wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo àwọn tó mọ̀nà ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀rá méjì yẹn ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ní Ìgbòkòdá, mo jẹ púpurù pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ ẹ́ rí: ẹ̀gẹ́ ni púpurù, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sì fi èéfín yan án kí wọ́n tó gún un kúnná. Èéfín yẹn ló fún un ní adùn tí láfún kò ní. Márúgbó dúdú, ewé ni, ẹja tútù inú rẹ̀ kò sì tíì pẹ́ tó kúrò nínú omi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu ọbẹ̀.

Ọkọ̀ tó lọ tààrà sí Àkúrẹ́ ṣòroó rí ní ìrọ̀lẹ́. Mo wọ ọkọ̀ Òkìtìpupa, mo bọ́ sí ti Ọ̀rẹ̀, mo rí ti Òǹdó, láti ibẹ̀ ọkọ̀ Àkúrẹ́ pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì kúrò ní Ìgbòkòdá ní agogo mẹ́rin, mo gbà á nímọ̀ràn kó wá ilé sùn sí níbẹ̀, torí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òǹdó kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń dá rìn lóru. Mo pe àbúrò mi láti Òǹdó kí agogo mẹ́jọ tó lù. Kò béèrè òkun, edé ló béèrè.