Gbàǹjo plugin tí mo yẹ̀ wò kí n tó sanwó

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi wọlé sí sítúdíò wa ní Surúlérè, ó na fóònù sí mi. "Ọ̀gá, compressor tí à ń wá rèé o. Dọ́là 249 ni tẹ́lẹ̀, dọ́là 29 ni wọ́n ń tà á báyìí. Àbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ kógbá wọlé ni?"

Ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Plugin ni compressor yìí, ìyẹn ètò kékeré tí a ń fi kún ètò ìgbohùnsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà; òun ló ń mú kí ohùn tó ń ròkè tó ń sọ̀kalẹ̀ dọ́gba. Ohùn àwọn akọrin ìjọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, oníbàárà sì lè padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé ká yọ ẹsẹ kan kúrò. Tí plugin tí a fi ṣe é bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, kí la fẹ́ sọ fún wọn?

Tí oníṣòwò bá ń pariwo "gbàǹjo!" ní Balógun, tó sì ta aṣọ ní iye tó kéré sí owó tó fi rà á, ó ti pàdánù nìyẹn. Plugin ò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó rà á ni ẹni tó ṣe é ti náwó. Ẹ̀dà tó bá tà lẹ́yìn ìyẹn, agbára káká ni yóò fi ná an ní ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí owó pọ́ọ́kú nìkan ò fi dẹ́rù bà mí.

Ímeèlì mi ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ìpolówó ọdún mẹ́ta sì tò sílẹ̀, torí n kì í pa wọ́n rẹ́. Dọ́là 29 ní oṣù Kọkànlá, 35 nígbà Àjíǹde, 29 lẹ́ẹ̀kan sí i. N ò rí ọjọ́ tí wọ́n tà á ní 249. Iye rẹ̀ gan-an ni 29. Ẹni tó ń ta gbàǹjo látọdún dé ọdún, àṣà rẹ̀ ni. Ẹni tí kì í ta gbàǹjo, tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ni mo máa fura sí: ilé-iṣẹ́ Valhalla DSP kì í dín owó, dọ́là 50 ni wọ́n ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú plugin wọn. Tí irú wọn bá ṣàdédé já owó wálẹ̀ sí dọ́là márùn-ún, àyà mi á já.

Mo wá sọ ti Cakewalk, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò ìgbohùnsílẹ̀, fún ọmọ náà. Ní 2016, wọ́n ta SONAR Platinum, ètò ìgbohùnsílẹ̀ wọn, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan á máa gba àtúnṣe títí ayé. Ní oṣù Kọkànlá 2017, ilé-iṣẹ́ Gibson, àwọn oníṣẹ́ gìtá tó ni wọ́n, kéde pé àwọn ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ BandLab rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ìlérí yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ni àmì ikú: Image-Line ní Belgium ń fún àwọn tó ra FL Studio, ètò ìṣorin wọn, ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n ṣì dúró digbí.

Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe compressor wa ń ṣe ni mo wá tẹjú mọ́. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n tún compressor yìí ṣe gbẹ̀yìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà M1 tí Apple gbé jáde ní 2020. Reverb tí wọ́n fi kún un, èyí tó ń mú ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà, ńkọ́? Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án láti 2019. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mo fẹ́ gbára lé.

Mo kọ̀wé sí wọn: tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn yín, báwo ni mo ṣe máa ṣí ohun tí mo rà? Ọjọ́ kejì ni èèyàn gidi dáhùn. Ó ní tó bá ti ṣí lórí kọ̀ǹpútà kan, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà tuntun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, mo sì dúpẹ́ pé kò fi pa mọ́.

A fi ẹ̀dà ìdánwò ṣe ohùn alto àwọn akọrin kan, ó dùn mọ́ wa, mo fi káàdì dọ́là sanwó. Mo kó fáìlì tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà sínú háàdì dísìkì méjì, ọ̀kan wà nílé mi. Ọmọ náà wá ń ṣí iṣẹ́ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ ohùn kọ̀ọ̀kan jáde bí plugin ṣe sọ ọ́ dà, kó lè ṣí níbikíbi. Nítorí iná, alẹ́ mẹ́ta ló fi ṣe mọ́kànlá. Ó ku ẹyọ kan, oníbàárà ọ̀hún ṣì ń dá a padà fún àtúnṣe.