Bí CV 400 bá dé fún àyè iṣẹ́ kan: bí ẹ ó ṣe rí ẹni tó mọ iṣẹ́ mú

Ẹ gbé ìkéde pé ẹ ń wá oníṣirò owó sórí LinkedIn, Jobberman tàbí gúrúùpù WhatsApp láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, CV tó máa wà nílẹ̀ á ti kọjá ohun tí ẹnì kan lè jókòó kà tán. Èèyàn kò wọ́n. Ohun tó le ni kéèyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó mọ CV kọ. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹni tí kò di ìwé owó kankan mú rí lè da ìkéde yín sínú rẹ̀, kí CV tó bá ìkéde náà mu wẹ́kú sì jáde lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi CV dán ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ẹ kàn fi mọ orúkọ, nọ́ńbà àti ibi tó ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gangan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tọpa ìwé rẹ̀ dé orísun.

Àlàyé yìí wà fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 100 lọ, níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tàbí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì ti ń fi ìgbanisíṣẹ́ kún iṣẹ́ mìíràn. Oníṣirò owó la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń wá awakọ̀, akọ̀wé tàbí ẹni tí yóò máa tajà lè pààrọ̀ ìdánwò inú rẹ̀ sí ti iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí ìkéde tó jáde

Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ti máa dá ṣe nígbà tó bá fi pé 90 ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Fún oníṣirò owó: kó máa fi sítétímẹ́ǹtì báńkì wé ìwé owó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí wọn ó fi bára mu, kó máa san owó orí òṣìṣẹ́, PAYE, kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, kó máa lé oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ ti lé ní 30 ọjọ́. Ohun mẹ́ta yìí ló máa di ìkéde, òun náà ló máa di ìdánwò. Ẹni tí kò bá lè kọ wọ́n kò tíì mọ ẹni tó ń wá.

Ẹ kọ iye owó síbẹ̀. “Owó oṣù tó jọjú” ń fi àkókò gbogbo èèyàn ṣòfò ni: ẹ ó rìn dé ìparí pẹ̀lú ẹnì kan, ìgbà náà lẹ máa tó gbọ́ pé iye tó ń gbà níbi tó wà ju tiyín lọ. Láti ibi kan sí ibi kan náà tó, bíi ₦180,000 sí ₦220,000. Ẹ rántí pé láti oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin.

Ẹ kọ orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí ọ́fíìsì yín wà, àti iye ọjọ́ tí ẹni náà ní láti yọjú lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ wà lára ohun tó ń tú ìgbanisíṣẹ́ ká ní Èkó. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú yóò gba iṣẹ́ Lẹ́kkí nítorí pé kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Tó bá di oṣù kejì tó ti ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, á fi yín sílẹ̀. Àdúgbò tó ń gbé kò yẹ kó lé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ ṣírò owó ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó fún un ní lẹ́tà.

“Kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ” tí ọ̀pọ̀ ìkéde máa ń kọ ń lé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù dànù ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bákan náà, òfin ní kẹ́ ẹ béèrè ìwé NYSC lọ́wọ́ ẹni tó jáde ní yunifásítì tàbí pólì, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó jáde kì í sìnlú: ìwé ìyọ̀ǹda ló máa ní dípò, ìwé gidi sì ni.

Gbólóhùn kan tí kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìkéde: a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ì báà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn oníjìbìtì máa ń da ìkéde ilé iṣẹ́ gidi kọ, wọ́n á yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọ́n á wá máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe èèyàn síbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ lo í-meèlì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ yín lẹ́yìn, ẹ má lo Gmail, kẹ́ ẹ sì gbé ìkéde náà sórí wẹ́ẹ̀bù yín kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè rí i níbẹ̀. Bó bá jẹ́ alágbàtà lẹ fẹ́ lò, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un hàn yín. Èyí tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ jìnnà sí i.

Láti 400 sí 10

Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù Google oníbéèrè mẹ́ta. Ìkíní: sọ́fítíwíà wo lẹ fi ṣe ìwé owó kẹ́yìn, ta ló máa ń yẹ ìwé náà wò kó tó jáde, apá wo ló sì máa ń gbà yín lákòókò jù? Ìkejì: eélòó lẹ fẹ́ máa gbà lóṣù kí owó orí tó kúrò níbẹ̀? Ìkẹta: àdúgbò wo lẹ ń gbé, ìgbà wo lẹ sì lè bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tó ti ṣe é rí á sọ pé ìwé rìsíìtì àwọn awakọ̀ ló máa ń pẹ́, tàbí pé ọ̀gá àwọn kì í fọwọ́ sí ìwé bọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí á kọ gbólóhùn gígùn tó dán, tí kò ní orúkọ ohunkóhun nínú.

Ẹ ti fọ́ọ̀mù náà pa lẹ́yìn ọjọ́ 5, tàbí nígbà tí ìdáhùn bá pé 150. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tó ń kà á á ti rẹ̀, ẹni tó dé kẹ́yìn á sì jìyà rẹ̀. Ẹ má béèrè NIN, BVN, ẹ̀sìn tàbí ìlú abínibí ní ìpele yìí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gba ọ̀rọ̀ nípa èèyàn, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni yóò dá ẹjọ́ tó kan ayé ẹnì kan. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá lo AI láti to ìdáhùn sípele, kí èèyàn ka àwọn tó tì sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sọ pé rárá. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn oṣù 6.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀

Èèyàn 10 ti tó. Ogójì ìṣẹ́jú, ní ọ́fíìsì bó bá ṣeé ṣe. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní sítétímẹ́ǹtì báńkì onílà 25 àti ojú ìwé owó kan tó yẹ kó bá a mu, ẹ sì fi àṣìṣe mẹ́ta pamọ́ sínú ìwé owó náà: owó kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, owó tí báńkì yọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, àti ₦45,000 tí wọ́n kọ bíi ₦54,000.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Ẹni tó ti jókòó ti ìwé owó fún ìgbà pípẹ́ mọ̀ pé nígbàkígbà tí nọ́ńbà méjì bá gbapò ara wọn, 9 máa ń pín ìyàtọ̀ náà geere. Bó bá ti yọ àṣìṣe méjì yòókù kúrò tó rí 9,000 tó kù, kò ní tún máa ka ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn mọ́. Nọ́ńbà tó yí po ló máa wá tààrà. Ẹ ó rí i lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á padà sí ìlà àkọ́kọ́.

Máàkì 10: 2 fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, 2 fún bó ṣe ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà rí wọn, 2 fún ìbéèrè tó béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ sórí ìwé náà kí ẹni tó ń máàkì má mọ ọmọ ta ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n á máa lo AI lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ yí nọ́ńbà kan padà kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n sọ ohun tó máa yí padà. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ fún á dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ gidi ilé iṣẹ́ yín ṣe ìdánwò, torí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, ẹ sì fún wọn lówó ọkọ̀ tí wọ́n bá ń lọ.

Ẹ pe 4 tó ṣe dáadáa jù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, èèyàn méjì tí ń fún wọn ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ síra wọn títí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi lọ. Ẹ má bi obìnrin nígbà tó máa bímọ. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó gba iṣẹ́: òfin 2014 ti kà á léèwọ̀.

Ìwé ẹ̀rí àti onídùúró

Ẹ má wo ìwé tó mú wá, ibi tó ti gbà á ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà ilé ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí ẹni náà fọwọ́ sí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà iṣẹ́ pé ìwé tó bá jẹ́ ayédèrú ti fòpin sí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá fífọwọ́ sí dìgírì láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba dìgírì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Ìyẹn kò sọ gbogbo ẹni tó kàwé ní Cotonou di oníjìbìtì. Ìwé ìdánilójú láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má gba ìwé ẹ̀rí gidi ẹnikẹ́ni pamọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà.

Ní ti onídùúró, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé fọ́ọ̀mù máa ń padà wá pẹ̀lú fọ́tò àti òǹtẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i kò sì mọ òṣìṣẹ́ náà ju ojú lọ. Ẹ wá nọ́ńbà ibi iṣẹ́ onídùúró náà fúnra yín, ẹ má lo èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì bi í ní ohun méjì: níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n, àti ibo ló ń gbé? Kí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì dé ilé náà kí ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó pé.

Lẹ́tà, àti ẹni tó gbà á tí kò yọjú

Láti ọjọ́ tí ìkéde jáde sí ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni náà, ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í dúró de ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí èsì jáde láàárín wákàtí 48, kí iye owó, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iye oṣù tẹ́ ẹ máa fi wò ó lẹ́nu iṣẹ́ (probation) àti iye ọjọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ wà nínú lẹ́tà. Òfin iṣẹ́ ní kí ìwé àdéhùn tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù 3 tó pé. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15, owó ìfẹ̀yìntì ti di dandan: 8% láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, 10% láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ fún un kó má bàa jẹ́ inú owó oṣù àkọ́kọ́ ló ti máa rí i pé ó dín.

Ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ já pa. Kò ní sọ òótọ́, ẹ kò sì lè dá a lẹ́bi, pàápàá bó bá jẹ́ onísọ́fítíwíà tí ilé iṣẹ́ òkèèrè lè máa san dọ́là fún láti inú yàrá rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí iṣẹ́ náà má wà lórí ẹnì kan ṣoṣo: kó kọ bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ má tíì sọ rárá fún ẹni tó gba ipò kejì. Ẹ pè é, ẹ sọ fún un pé òun ló kàn, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fún un lésì tó dájú. Ẹ fi ọjọ́ náà sí ọjọ́ iṣẹ́ kẹta ẹni àkọ́kọ́, torí bí ẹni tó gba lẹ́tà kò bá ní wá, ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì lẹ máa mọ̀.